Àwọn Àjèjì Lórí Ìtẹ́ Èkó: Àyẹ̀wò Ohun tí Àwọn Ìwé Wí

Ìwé mẹ́ta ni ó wà níwájú wa bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni ìwé ìtàn Èkó tí Ọ̀gbẹ́ni John B. Losi, olùkọ́ ilé-ìwé, tẹ̀ jáde ní ọdún 1914. Èkejì ni ìwé ìtàn Bìní tí Olóyè Jacob Egharevba kọ ní àwọn ọdún 1930, ní èdè Ẹ̀dó lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ìwé ìtàn rárá. Ìdájọ́ ni, èyí tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, dá ní oṣù Keje ọdún 1921 lórí ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí Viscount Haldane tí ó ka ìdájọ́ náà tó lè dé orí ilẹ̀, ó di dandan fún un kí ó kọ́kọ́ pa ìtàn Èkó ní ṣókí, ìtàn ṣókí náà sì ti di ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí láti ìgbà náà wá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wí pé agbára àjèjì ni ó fi ọba jẹ ní Èkó. Ẹni tí a fi jẹ náà, ìgbà tí ó jẹ, àti ohun tí ó gbà nígbà tí ó jẹ, kò sí méjì nínú wọn tí ohùn wọn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń retí Àlùfáà Samuel Johnson láàrin àwọn ẹlẹ́rìí wa, kí ó rántí pé Ọ̀yọ́ àti àwọn ogun òkè ni ojú olóògbé náà wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀; bí a bá pè é wá jẹ́rìí lórí ìbẹ̀rẹ̀ Èkó, a ó kàn máa yọ ọ́ lẹ́nu ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Àwórì ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Àwọn olùkọ́ wa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ọba Èkó ti Bìní wá, ẹ̀kọ́ náà sì parí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá dàgbà, àwọn kan nínú wọn a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí jáde, wọn a ní níwọ̀n bí ọba pàápàá ti jẹ́ àlejò, Èkó kò ní baba, ilẹ̀ àjọni ni. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ yìí bí nínú, a sẹ́ Bìní pátápátá, wọn a ní Bìní kò tẹ ẹsẹ̀ sí Èkó rí. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣìnà: wọ́n ń fi ìdí oyè àti ìdí ilẹ̀ ṣe ohun kan. Ní Ayọ̀bọ̀ níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ́ṣọ́, kò sí ìjọ tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ tí yóò fi kọ́ ilé ìsìn tí kì í kọ́kọ́ béèrè ìdílé tí ó ni ilẹ̀ náà. Kò sì sí ẹni tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgá Ìdúngànràn láti lọ béèrè. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ilẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́fin. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn baba wa ni pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminire jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń tẹ̀lé àwo kan tí ń léfòó lórí omi, títí àwo náà fi rì. Láti inú gbólóhùn pé àwo ti rì ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ìṣẹrì ni ìtàn náà fi ibẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn dé Ìdó àti erékùṣù Èkó. Arọ́mirẹ ni ó dá oko ata sí ibi tí ààfin wà lónìí, orúkọ Ìdúngànràn sì ń rántí oko náà títí di òní olónìí. Iye ọmọ tí Ọlọ́fin pín ilẹ̀ fún kò dúró sójú kan: ẹlòmíràn ka 16, ẹlòmíràn ka 32, ìdájọ́ ọdún 1921 gba bí 16. Àwọn ìran wọn ni a ń pè ní Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀: Arọ́mirẹ, Olúwa, Olótó, Ọjọ́rà, Onírù, Oníṣìwó, Ẹlẹ́gúṣí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kí olùkà kíyèsí i pé àwọn onílẹ̀ yìí pàápàá kò ka ara wọn sí ẹni tí ó hù láti inú ilẹ̀ Èkó. Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n gé igbó, àwọn ni wọ́n dá oko, àwọn ni wọ́n fi ibùdó ẹja fún ara wọn, ohun tí Yorùbá sì ń pè ní onílẹ̀ nìyẹn.

Orí Àṣípa ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Losi ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà Èkó, balógun Bìní kan tí ń jẹ́ Àṣérù wá jagun ní agbègbè wa, ó sì kú síbẹ̀. Àṣípa, ọkùnrin pàtàkì kan láti Ìṣẹrì, gbé òkú rẹ̀ padà lọ sí Bìní. Ìwà yìí wọ ọba Bìní lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fún Àṣípa ní ìlù gbẹ̀du àti àṣẹ láti ṣe olórí Èkó, ó sì fi ìránṣẹ́ kan tì í lẹ́yìn bọ̀ wá sílé, ẹni tí oyè rẹ̀ di Elétù Òdìbò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Àwórì ni Àṣípa. Oyè ni Bìní fún un, Bìní kò fún un ní ẹ̀jẹ̀.

Egharevba pa á lọ́nà mìíràn. Ó ní ọba Orhogbua, tí ó jọba ní Bìní ní àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, pàgọ́ ogun sí erékùṣù náà, àgọ́ ogun yìí ni a ń pè ní eko ní èdè Ẹ̀dó, ó sì fi ọmọ-ọmọ ara rẹ̀ jẹ olórí níbẹ̀. Orúkọ ọmọ náà a máa jẹ́ Aisikpa, ìgékúrú gbólóhùn Ẹ̀dó kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn kì í kọ ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀.

Ní tiwa, ìtàn méjèèjì ti dán jù. Ti Losi bọ́ sí ibi tí ó wu Àwórì: a kò ṣẹ́gun wa, a ṣe inú rere ni, a sì fi oyè san án fún wa. Ti Egharevba bọ́ sí ibi tí ó wu Bìní: ọmọ ọba ni a fi sílẹ̀, nítorí náà ọmọ wa ni gbogbo ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti orúkọ tí Olóyè Egharevba fi ṣe ẹ̀rí, kì í ṣe ohun tí ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àṣípa jẹ́ oyè tí a mọ̀ dáadáa ní Ọ̀yọ́, a sì ń jẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá tí Bìní kò dé. Bí a bá fẹ́ máa fi ìró orúkọ gba ìlú, kò sí ìlú tí a kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí kò ní ẹbí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Andreas Josua Ulsheimer, oníṣẹ́-abẹ kan láti Jámánì, bá ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Dọ́ọ̀ṣì dé Èkó ní ọdún 1603. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ààlà ni, pé ti ọba Bìní ni, pé ọgbà líle yí i ká, àti pé àwọn ọmọ ogun ni ó ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú olórí ogun mẹ́rin tí ń ṣe bí ọlọ́lá. Kò sọ̀rọ̀ ọba Èkó kankan. Ẹ̀rí yìí gé ọ̀rọ̀ sí ìhà méjì. Ní ọ̀nà kan, ẹni tí ó bá ń wí pé Bìní kò dé Èkó rí ń bá ojú ẹni tí ó rí i jà. Ní ọ̀nà kejì, olórí ogun mẹ́rin kì í ṣe ọba kan. Bí ọmọ-ọmọ Orhogbua bá ti ń jọba níbẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹni tí ó ka iye balógun kì bá ti fojú fo ọba. Ìdájọ́ wa ni pé àgọ́ ogun ni ó kọ́kọ́ wà, pé oyè dé lẹ́yìn rẹ̀, àti pé ti Losi ni ó súnmọ́ òtítọ́ jù ní ti bí oyè náà ti rí: ẹni tí a fi jẹ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ fún Bìní. Yálà Ìṣẹrì ni a ti bí i tàbí Bìní, iṣẹ́ tí a fi rán an ni ìyẹn.

Nísinsìnyí kí a wo ohun tí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù wí. Ó ní ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Ọlọ́fin ń di àwọn erékùṣù náà mú. Ó ní ní nǹkan bí ọdún 1790 ni Bìní kógun wọ Èkó, tí wọ́n sì fi aṣojú kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Eléko. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ọdún náà lẹ́ẹ̀kejì. Ulsheimer ti rí àwọn ọmọ ogun Bìní ní ọdún 187 ṣáájú. Bí a ti máa ń ka ọdún àwọn ọba Èkó, Ológun Kútere ni ó wà lórí ìtẹ́ ní 1790, Àṣípa, Adó, Gàbárò, Akinṣẹ̀mọ́yìn àti Elétù Kékeré sì ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá adájọ́ fi kálámù kan pa márùn-ún rẹ́, wọ́n sì sọ Ọlọ́fin di ẹni àná. Bí ọmọ ilé-ìwé kan bá kọ èyí nínú ìdánwò, a ó fi yẹ́ẹ́pẹ́rẹ́ máàkì lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀ ibi tí ìdájọ́ náà fi orí lé tọ́, a ó sì dé ibẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ìyípadà kan tí ìdájọ́ náà kò mẹ́nu kàn, tí ìwé Bìní kò sì ní ìdí láti dúró tì. Àwọn àgbà Èkó ni wọ́n pa á mọ́ fún wa. Adó ọmọ Àṣípa ni ẹni àkọ́kọ́ tí a pè ní ọba ní Èkó. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Gàbárò, tí ó kó ibùjókòó ọba kúrò ní Ìdó wá sí erékùṣù, àti Akinṣẹ̀mọ́yìn, tí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣòwò Pọtogí. Ó sì bí ọmọbìnrin kan, Erelú Kútì.

Awo kan wà nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ìtàn ń pè ní Alágbìgbà. Nígbà tí Akinṣẹ̀mọ́yìn kò tíì jọba, awo yìí ni ó dífá fún un pé ìtẹ́ ń bọ̀ wá bá a. Nígbà tí ó ṣẹ, tí ọba titun sì ń wá ohun tí yóò fi san oore, ó fi Kútì arábìnrin rẹ̀ fún awo náà ní aya. Ọmọ tí wọ́n bí ni Ológun Kútere. Lẹ́yìn ikú Akinṣẹ̀mọ́yìn, Elétù Kékeré ọmọ Gàbárò jẹ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Erelú Kútì. Láti ìgbà náà wá, bẹ̀rẹ̀ láti orí Adélé àti Ọ̀ṣìnlókùn, títí dé orí Ọba Rilwan Akiolu tí ó gorí oyè ní ọdún 2003, kò sí ẹni tí ó jọba Èkó tí kì í ṣe ìran Ológun Kútere.

Kí a ro èyí wò dáadáa. Bí a bá fi ìlà baba kà á, bí àwọn tí ń pè é ní ìdílé Bìní ti ń fẹ́ kà á, ìdílé Àṣípa parí lórí ìtẹ́ Èkó pẹ̀lú Elétù Kékeré. Ìdílé àjèjì kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìdílé awo kan tí kò ní ilẹ̀ ní Èkó, tí kò ní ọmọ ogun, tí ọba Bìní kò sì fi ìlù gbẹ̀du rán. Bí a bá sì fi ìlà ìyá kà á, ìdílé Àṣípa ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó gbé e kọjá. Ẹni tí ó bá wí lónìí pé ọmọ Bìní ni ọba Èkó, Erelú Kútì ni ó fi ń wí i, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé nínú gbogbo ariwo tí a ti pa lórí orírun ọba Èkó, ẹni tí ó dárúkọ obìnrin yìí kò pọ̀. Ìlú fúnra rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀: oyè Erelú Kútì ṣì ń bẹ ní Èkó, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ ni ó ń di ìtẹ́ mú nígbà tí ọba bá wàjà, títí a ó fi fi òmíràn jẹ.

Nítorí náà ìdílé méjì ni ó jókòó níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Bí a bá sì fẹ́ tẹ̀lé okùn náà dé ìdí, kò ní dúró ní Bìní. Egharevba kan náà ni ó kọ ọ́ pé lẹ́yìn àwọn Ògìsó, àwọn Bìní ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ láti tọrọ ọba, pé Ọ̀rànmíyàn ni a rán sí wọn, àti pé òun kò dúró, bí kò ṣe pé ó fi Ẹ̀wẹ̀kà sílẹ̀, ọmọ tí obìnrin ibẹ̀ bí fún un, tí ìdílé rẹ̀ wà lórí ìtẹ́ Bìní dòní. Ọba Erediauwa fi ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 2004 já ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ọmọ Ògìsó ni Odùduwà tìkára rẹ̀. Ìyẹn yóò gba ìwé ọ̀tọ̀. Ohun tí ó kàn wá ni pé àjèjì ni ó rán àjèjì sí Èkó, pẹ̀lú pé ọ̀dọ̀ obìnrin onílẹ̀ ni ìdílé náà ti fìdí múlẹ̀ ní Bìní, bí ó ti ṣe pé ọ̀dọ̀ obìnrin ni ti Èkó náà ti gba ìyè titun.

Àjèjì kì í jọ àjèjì. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí wọ́n ti rí oríṣi méjèèjì. William ará Normandy gba ìtẹ́ wọn ní 1066, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà, ó pín in fún àwọn tí ó bá a wá, nígbà tí ó sì di 1086 ó ní kí a kọ gbogbo ilẹ̀ náà sínú ìwé, oko dé oko, ọ̀lọ dé ọ̀lọ, kí ó lè mọ ohun tí ó ní. George Kìíní ti Hanover ní ilẹ̀ Jámánì jọba wọn ní 1714, nítorí ìyá-ńlá tí ó so mọ́ ìdílé ọba wọn àtijọ́. Kò gba oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí di 1917 ni ìdílé tí ó wà lórí ìtẹ́ wọn fi ń jẹ́ orúkọ Jámánì, kí George Karùn-ún tó yí i padà sí Windsor nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìdílé àjèjì ni pé: ti 1066 ni ìwọ í ṣe, tàbí ti 1714?

Ti Èkó jẹ́ ti 1714, ó sì ní ìdí. Ohun tí Bìní fẹ́ ní Èkó ni ìṣákọ́lẹ̀ àti ọ̀nà omi. Ohun tí ọba Èkó rí jẹ lẹ́yìn náà ni owó òwò tí ń gba orí ọ̀sà kọjá. Láti ìgbà Akinṣẹ̀mọ́yìn, pàápàá nígbà Ológun Kútere, òwò ẹrú ni ó sọ Ìgá di ọlọ́rọ̀, kò sì yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀ nínú ìwé ìjọ, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìwé wá fún wa jẹ́ ọmọ àwọn tí a tà. Ọba tí ń gba owó lórí ọkọ̀ òkun kò ní ohun tí yóò fi oko ẹ̀gẹ́ àti ibùdó ẹja ṣe. Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá níbẹ̀. Ọba ń jẹ omi, Ìdẹ́jọ ń jẹ ilẹ̀. Àwọn olóyè tí ìdí wọn jẹ́ ti Bìní, àwọn Akarigbẹ̀rẹ̀ tí Elétù Òdìbò jẹ́ olórí wọn, wà fún ọ̀rọ̀ fífi ọba jẹ. Ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ iṣẹ́ yìí hàn kedere nínú ètò oyè Èkó fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ìwé kan rí.

Àjèjì kẹta ni kò mọ ìyàtọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Akíntóyè wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú sì jẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lójú omi, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Victoria lọ́wọ́. Victoria yìí, ìran George ti Hanover ni. Ìdílé Jámánì náà ni ó wá gorí ìdílé Ìjẹ̀ṣà tí ó gorí ìdílé Bìní. Owó ìfẹ̀yìntì tí a gbà láti máa fún Dòsùnmú lẹ́yìn náà ni ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba titun ka ìwé náà bí ará 1066 ti máa ń ka ìwé: níwọ̀n bí ọba ti fi ìlú sílẹ̀, ó ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ènìyàn lè fi ohun tí kò ní tọrẹ? Ìbéèrè yìí kò rí ìdáhùn fún 60 ọdún. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tí ó jẹ́ ti ìdílé Olúwa. Nígbà tí Olóyè Olúwa béèrè owó ilẹ̀ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ Èkó wí pé ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ni ó ní, kì í ṣe ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ìtàn tí a ti ń bá wí yìí ti wọ inú ọ̀rọ̀. Viscount Haldane ṣìnà ní ọdún Ọlọ́fin, ó ṣìnà ní ọdún Bìní, kò sì mọ Erelú Kútì rárá. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ẹjọ́ náà dúró lé, ó rí i: pé àwọn Bìní tí ó fi Eléko jẹ kò fọwọ́ kan ètò ilẹ̀ tí wọ́n bá, pé Ìdẹ́jọ ni ó di ilẹ̀ mú fún àwọn ènìyàn wọn nígbà Eléko bí wọ́n ti dì í mú ṣáájú rẹ̀, àti pé ohun tí Dòsùnmú fi lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861 kò lè gba ohun ìní àwọn ará ìlú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá Olúwa láre. £22,500 ni ìjọba san.

Èyí ni ó mú wa sọ pé ìdájọ́ náà tọ́ nígbà tí ìtàn inú rẹ̀ kò tọ́. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ bí a ti ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá mú ìdájọ́ ọdún 1921 wá láti fi hàn pé Ìdẹ́jọ ni ó ni ilẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá mú un wá láti fi hàn pé 1790 ni Bìní dé, ẹ fún un ní Ulsheimer kí ó kà. Bí ó bá sì mú Egharevba wá láti fi hàn pé ilẹ̀ Èkó jẹ́ ti Bìní nítorí pé Bìní fi ọba jẹ níbẹ̀, ẹ bi í léèrè bóyá ti Jámánì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀dùn-ọkàn kan ni ó kù tí a ní sí àwọn ìwé wọ̀nyí. Wọ́n ń pa ìtàn ọba àti ìtàn onílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ni wọ́n jẹ́ fún ara wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Olúwa ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 kò rí bẹ́ẹ̀. Herbert Macaulay ni ó bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá oyè Eléko lọ́wọ́, ọ̀pá Ọba Èṣúgbàyí, ọmọ Dòsùnmú tí ó fọwọ́ sí ìwé 1861. Ọba tí kò ní ilẹ̀ ni ó fi ọ̀pá rẹ̀ ran onílẹ̀ lọ́wọ́. Inú bí ìjọba sí ohun tí Macaulay fi ọ̀pá náà sọ níbẹ̀, wọ́n ní kí Èṣúgbàyí rán agogo káàkiri ìlú láti kọ Macaulay sílẹ̀. Kò rán an. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n dá owó rẹ̀ dúró, wọn kò sì kà á sí Eléko mọ́. Ní 1925 wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Òun náà gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé iwájú Privy Council kan náà. Ní 1931, lẹ́yìn tí Lord Atkin ti wí pé aláṣẹ kankan kò lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni bí kò bá lè fi òfin tí ó fún un ní àṣẹ hàn níwájú adájọ́, Gómìnà Cameron jẹ́ kí ó padà sílé. Ó wọ Ìgá Ìdúngànràn padà, lórí ilẹ̀ oko ata Arọ́mirẹ, ó sì wàjà níbẹ̀ ní ọdún kejì.